Ó Dọwọ́ Yín

Tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ti ń ríra. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà o. Wọn ò jà rí débi tí aládùúgbò fi gbọ́. Iṣẹ́ ló pín wọn bẹ́ẹ̀: ọkọ ń ṣe búrẹ́dì lóru, ìyàwó ń lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án. Bí ọkọ bá ń wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú fúláwà nínú irun etí, ìyàwó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ti wọ bàtà. Bí ìyàwó bá ń wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, ọkọ ti wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ó ti ń dúró. Wọ́n á pàdé lórí ẹní ìnusẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀kan á wọlé, ọ̀kan á jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkọ fi ń sinmi lọ́sẹ̀, oorun ló ń fi í sùn, ìyàwó á sì máa fọ aṣọ ilé.

Ọmọ wọn ló fa èyí. Ọmọ náà ti kọjá ẹni ogún ọdún dáadáa, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ni dókítà ti sọ fún wọn pé ọpọlọ rẹ̀ yóò máa rìn, kò kàn ní máa sáré ni. Òótọ́ ni dókítà sọ. Ó ń rìn. Ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ bàbá rẹ̀, ó mọ orin, ó sì mọ ẹni tó fẹ́ràn òun yàtọ̀ sí ẹni tó ń díbọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni pé iná ń jó èèyàn, àti pé mọ́tò kì í dúró fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan méjì yìí, a kì í fi òun nìkan sílé.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ní ìtàn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jáde nílé lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n wá a títí, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ya wèrè. Ilé epo kan ni wọ́n ti rí i, nínú ọ́fíìsì, lórí àga ọ̀gá pátápátá, pẹ̀lú ìgò ohun mímu lọ́wọ́, tí àwọn tó ń ta epo ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọ̀gá wa ń bọ̀." Alága ní òun ò dìde.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kúrò nílé láìfi ẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Ìyá ló dá a sílẹ̀. Láàárọ̀, á ní, "Ó ti jí. Ó ti wẹ̀. Kò tíì jẹun. Inú ẹ̀ dùn. Ó dọwọ́ yín." Bàbá á ní, "Mo gbọ́." Nírọ̀lẹ́, bàbá á ní, "Ó jẹun. Ó sùn lọ́sàn-án. Ó bá rédíò jà. Ó dọwọ́ ẹ." Ìyá á ní, "Ẹ ṣeun." Àwọn ṣọ́jà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́nu géètì ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin náà dára. Ọmọ kò sọnù mọ́. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà láàárín wọn sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ìròyìn ẹnu ọ̀nà yìí nìkan ló kù. Bàbá Alága lè sọ fún ọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe sùn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Bí o bá wá bi í bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sùn, á kọ́kọ́ ronú ná.

Aṣọ lílọ ní òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iṣẹ́ àjókòóṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ó gùn bíi bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí, ó ń gbóná. Èèyàn méjì á di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n á na án kó lè le, wọ́n á fi há ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ á gbé e mì, á sì yọ ọ́ síta lódì kejì ní gbígbẹ, láìhunjọ rárá. Bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀kan kúrò ni òmíràn ń bọ̀. Ìyá Alága mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè fi ojú tó ń tòògbé ṣe é, ó sì ti ń fi ojú tó ń tòògbé ṣe é fún bí oṣù mélòó kan. Alága ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru. Á tan iná, á pa á, á tún un tàn, á máa kọrin. Bàbá rẹ̀ wà nídìí ààrò búrẹ́dì, kò mọ̀. Láàárọ̀, ìyá á ní, "Ó ti jí." Òótọ́ ni. Kò kàn sọ ìgbà tó jí ni.

Lọ́jọ́ kan, etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí òun mú un, ilẹ̀ ló mú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, wọ́n fún un lómi, wọ́n fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ó ń sọ fún wọn ní gbogbo ọ̀nà pé kò sí nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wo ohun tó kọ, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, mà," ó ní. "Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"Ó ń sùn, a dúpẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè wò ó. "Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ẹ ń jẹun lásìkò?"

"Ó ń jẹun. Kì í yọ wá lẹ́nu tó bá di oúnjẹ, tí ẹ bá ti gé e kéékèèké."

"Mà, ta là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀?"

Ìyá Alága wò ó bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ni orí rẹ̀ ò pé. Ìgbà tó ṣe ni ọ̀rọ̀ tó yé e. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó sì parí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dì í lọ́wọ́ mú, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn, ìgbà náà ló tó bi í nípa ọmọ náà, Ìyá Alága sì rò fún un.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, kò sì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. "Oògùn nìkan ò lè ṣe é, mà. Ẹ gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹ wá ẹni tí á máa bá yín mú ọmọ yín lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Tí ẹ bá ṣubú, tí ẹ ò lè dìde, ta ló máa tọ́jú ẹ̀?"

Ìyá Alága ní òun ti gbọ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ní, "Ó jẹun. Kò sùn. Ó fọ́ ife kan. Ó dọwọ́ ẹ." Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ọkọ jáde, ó ń sáré kó má bàa pẹ́ débi iṣẹ́. Kò bi ìyàwó léèrè nǹkan kan, ìyàwó náà ò sì sọ.

Ẹni tó lè mú ọmọ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ ò jìnnà. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, onídìrí, tó ti ń tọrọ ọmọ náà tipẹ́. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló tún dé.

"Ìyàwó mi," ó ní, "Sátidé nìkan ni mo ní kí o fún mi. Mi ò ní kí o yọ ojú ẹ fún mi."

"Ẹ ṣeun, mà. À ń rọ́gbọ́n dá sí i."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rọ́gbọ́n dá sí i. Ọgbọ́n náà ló ń gbẹ ẹ́ lára yìí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Àwa méjì la wà níbẹ̀, mà."

"Ẹ̀yin méjì? Nígbà wo lẹ jọ gbé e? Ńṣe lẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara yín bí ẹni ń gba garawa omi níbi tí ilé ti ń jó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Alága létí, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mọ bí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń wo Alága lọ́kàn rẹ̀, láàárín àwọn obìnrin tí ò mọ̀ ọ́n rí, tí wọ́n á máa yí ojú wò ó láti inú dígí, tí wọ́n á máa ní, "Ẹ̀yà, ọmọ dáadáa." Irú àánú bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún ju èébú lọ, nítorí pé èèyàn lè dá èébú padà. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òun ló bí i, òun ni yóò tọ́jú rẹ̀. Bó ṣe fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ohun tí kò sọ, tí kò tilẹ̀ tíì sọ fún ara rẹ̀, ni pé ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù pé ara ò ní rọ ọmọ níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé ara lè rọ̀ ọ́.

"Ó dáa," ẹ̀gbọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe igi o, ìyàwó mi." Ó kí Alága, Alága sì dìde lórí àga rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọlá tí kì í dá ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Òjò ló rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà já. Alága ò fẹ́ràn àrá. Bí àrá bá sán, á ké, ìyá rẹ̀ á dì í mú, á máa kọrin sí i létí, títí òmíràn á tún fi sán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Alága jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà. Ó wọ ti ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó tẹ̀ síwájú láti mú ìkejì, yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé kò ní sẹ́ni lórí ẹní ìnusẹ̀ tó máa fa ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí ìyẹn ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá Alága ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Ìyàwó àti báàgì ló ń retí. Alága ló bá. Ọmọ náà dúró ṣánṣán lórí ẹní, ó fi ọwọ́ kan di èjìká mú níbi tí okùn báàgì máa ń wà lára ìyá rẹ̀.

"Ó ti jí," Alága ní.

"Mo rí i pé o ti jí," bàbá rẹ̀ ní. "Ìyá ẹ dà?"

"Ó ti jí," Alága tún wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ òun. "Kò wẹ̀. Kò jẹun. Kò sùn. Lánàá, kò sùn. Ó di orí mú. Ó wọ bàtà kan." Ó dúró, ó ń wá èyí tó kù. Ibi tí inú dídùn máa ń wà nínú ìròyìn ló kù. "Inú ẹ̀ ò dùn," ó ní. "Ó dọwọ́ yín."

Alága ò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ti ara rẹ̀ ló ń sọ, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ ìròyìn náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ "ó" nínú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ lásán ni, kò sí bàtà kankan níbẹ̀. Búrẹ́dì bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀. Alága ní tirẹ̀ ti lọ jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọkùnrin mìíràn ì bá pariwo. Bàbá Alága kì í ṣe aláriwo. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà kan tó wọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

"Iṣẹ́ ń dúró dè mí," ìyàwó ní.

"Kó dúró."

Ìgbà náà ni ìyàwó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹ̀rọ, ti nọ́ọ̀sì, ti ẹ̀jẹ̀ tó ga, ti iná tí Alága ń tàn tó ń pa lóru. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ẹ́."

"Ọmọ lẹ̀ ń bi mí."

Ọkọ ń wá ọjọ́ kan lọ́kàn rẹ̀, ọjọ́ kan péré, tó dúró lórí ẹní yẹn tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ara rẹ̀. Kò rí i. Ojú tì í, kò sì fi pamọ́.

"Èmi náà ò bi yín," ìyàwó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń sùn lọ́sàn-án."

"Ojú kan ni mo fi ń sùn. Èyí tó kù ń ṣọ́ Alága."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti orí àga, Alága bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀rín kọjá òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń tọrọ Sátidé," ọkọ ní nígbà tó yá.

"Mo mọ̀. Mo ti ní rárá." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. "Tó bá lọ, kí ni mo máa ṣe? Mi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe mọ́. Tó bá wá débẹ̀, tí ò béèrè mi ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ láti fi tu èèyàn nínú lásán. "Ó rí ẹ," ó ní. "Èmi tí mo pe ara mi lọ́kọ ẹ, mi ò rí ẹ. Òun ló mọ̀ pé o ò sùn. Òun ló mọ̀ pé o ò jẹun. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, kò lè gbàgbé ẹ láàárín àárọ̀ sírọ̀lẹ́."

Nígbà tí wọ́n délé láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá Alága ní kí ọkọ òun pe ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n dé ní Sátidé kí oòrùn tó yọ dáadáa, bóyá kí wọ́n má bàa yí ọkàn padà. Ìyá Alága dúró lórí ẹní ìnusẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. "Ó ti jí. Ó ti wẹ̀. Ó ti jẹun." Kò wá lè dúró mọ́. Kí wọ́n gé ẹran ẹ̀ kéékèèké. Kó má súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Tó bá ń ra ọwọ́ pọ̀, inú ló ń bí i. Tó bá dákẹ́ jù, ilé ìgbẹ́ ló fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá máa pa rédíò, kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. "Ìyàwó mi," ó ní, "ṣé ọmọ lo fẹ́ fún mi ni, àbí bàlúù tí mo máa wà?"

Ìyá Alága mí kanlẹ̀. "Ó dọwọ́ yín, mà."

Alága gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì bọ́ sọ́nà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, ó sì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ó dùn ún. Ó tún dùn mọ́ ọn. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá gbà nínú méjèèjì.

Ọkọ rẹ̀ ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó fún òun láyè lóru tó mọ́jú ọjọ́ náà, torí náà ojú rẹ̀ là; ìyàwó náà sì ti gba àyè ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó gé búrẹ́dì, ìyàwó po tíì. Wọ́n jókòó kọjú síra wọn nídìí tábìlì. Ilé dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ omi tó ń kán nínú báfù, èyí tó ti ń kán láti ọdún wo, wọn ò mọ̀. Ìyàwó fa búrẹ́dì mọ́ra, kò sì mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kéékèèké. Nígbà tó gé e tán, ó tì í síwájú ọkọ rẹ̀. Ọkọ wò ó, ó wo búrẹ́dì, ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ó," ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́, torí pé ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sí nílé.

"Hẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n mu tíì. Ọkọ fi ìka kó èérún búrẹ́dì jọ lórí tábìlì. Ó dà bíi pé ó ń gbé nǹkan tó wúwo, kò mọ ibi tó máa gbé e kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ó pè é. Kò pè é ní Ìyá Alága. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló pè é, èyí tó máa ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, tó máa ń lọ dúró dè é nígbà tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́.

Obìnrin náà ti gbé ife dé ẹnu. Ó yí ọrùn wo ẹnu ọ̀nà, kó lè mọ ẹni tó wọlé.

"Ìwọ ni mò ń pè," ọkọ rẹ̀ ní.

Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn.